Géèmù ijó nínú ilé: ṣé eré ìdárayá ni, àbí eré lásán?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá nínú ilé, nítorí pé àkókò iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n lè máa jáde lọ ṣe é níta. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra géèmù ijó, irú èyí tí oníjó kan máa ń jó lójú tẹlifíṣọ̀n, tí èmi náà yóò máa ṣe bó ti ń ṣe, tí ẹ̀rọ yóò sì máa fún mi ní máàkì. Ọkọ mi fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní eré ọmọdé ni, pé bí mo bá fẹ́ jó, kí n tan rédíò. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Bí ó bá sì ń ṣiṣẹ́, èwo ni kí n rà, báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ pé ara mi ń jẹ èrè rẹ̀?

* * *

Èsì kìn-ín-ní

Àwọn tó kọ́kọ́ fèsì ti pín sí ìhà méjì. Ìhà kan ní ọgbọ́n àtigba owó lọ́wọ́ ọ̀lẹ ni géèmù ijó. Ìhà kejì ní òun ló jẹ́ kí ara àwọn fúyẹ́. N kò bá ìkankan nínú wọn lọ tán, nítorí pé ẹ̀rọ ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, bẹ́ẹ̀ ara ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ ló yẹ kí á wò.

Ọkàn ènìyàn kò mọ̀ bóyá orí pápá ni a wà tàbí iwájú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó mọ̀ ni pé iṣan itan àti ti ẹsẹ̀ ń béèrè ẹ̀jẹ̀ sí i, òun náà yóò sì máa yára lù kí ó lè fún wọn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150, kí ó sì fi iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára kún un ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kò sí ohun tó yọ ijó sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìmọ̀ràn ti tẹ́lẹ̀, tó jáde ní ọdún 2010, wọ́n ní èyí tí ènìyàn bá ṣe lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú 10 kí ó tó wọ inú ìṣirò. Ti ọdún 2020 yọ gbèdéke yẹn kúrò. Ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an, nítorí pé orin kan nínú géèmù kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, ẹni tó bá sì fi gbogbo ara jó orin kan ṣoṣo kí ó tó wẹ̀ ní òwúrọ̀ ti ṣe ohun tó ṣeé kà.

Ní ti rédíò tí ọkọ yín dárúkọ, ó dára, kò sì ná ènìyàn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó sí rédíò máa ń jó èyí tó mọ̀ ni, ara sì gbọ́n: ẹsẹ̀ tí kò ni ín lára ló máa ń yàn. Oníjó ojú tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Bí ó bá lóṣòó, ẹ ó lóṣòó. Bí ó bá gbé orúnkún sókè nígbà tí ẹ rò pé orin ti ń parí lọ, ẹ ó gbé tiyín. Ibẹ̀ ni géèmù ti ju rédíò lọ, n kò sì mọ ibòmíràn tó ti jù ú lọ.

* * *

Èsì kejì, fún ẹni tó ní ẹ̀rọ kò ṣeé tàn jẹ

Ẹnì kan kọ ọ́ pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè rẹ́ ẹ̀rọ jẹ, nítorí pé gbogbo ohun tí ènìyàn bá ṣe ni ẹ̀rọ ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ máa wò nìkan ló ń wò, ibẹ̀ sì yàtọ̀ láti orí géèmù kan sí òmíràn.

Ẹ wo Dance Dance Revolution, tí ilé-iṣẹ́ Konami ti Japan gbé sí àwọn gbọ̀ngàn géèmù ní ọdún 1998, tó sì wọ inú ilé lórí ẹ̀rọ géèmù PlayStation ní ọdún 1999. Ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ń ṣe é yóò dúró lórí ẹní ijó tí a ya ọfà mẹ́rin sí, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọfà bá ti ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n tó sì dé ibi tí a sàmì sí, yóò tẹ èyí tó bá a mu lórí ẹní ní àsìkò gan-an. Ẹ lè ká ọwọ́ gbera, ẹ lè di ògiri mú, kò kàn án. Àwọn ògbóǹtarìgì nínú eré náà pàápàá máa ń di irin tó wà lẹ́yìn wọn ní gbọ̀ngàn mú kí ẹsẹ̀ wọn lè yá.

Just Dance, tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé jáde fún Wii, ẹ̀rọ géèmù ti Nintendo, ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, yí ọ̀rọ̀ padà sí apá kejì: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni òun mọ̀, nítorí pé inú rìmóòtù tí a dì mú ni ohun tó ń mọ ìṣípòpadà wà. Oníjó lè máa fò lójú tẹlifíṣọ̀n kí ẹsẹ̀ tiyín má kúrò lójú kan. Bí ọwọ́ bá ti lọ síbi tó yẹ lásìkò, máàkì á wọlé.

Dance Central, tí ilé-iṣẹ́ Harmonix ṣe ní ọdún 2010 fún Kinect, kámẹ́rà tí a ń so mọ́ Xbox 360, ẹ̀rọ géèmù ti Microsoft, ló sún mọ́ ohun tí ẹni yẹn ń sọ jù lọ. Kinect máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí wọn bí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, ó sì ń tọpasẹ̀ orí, èjìká, ìgúnpá àti orúnkún. Bí ẹ bá gbé apá òsì síbi tí kò yẹ, apá yẹn gan-an yóò pọ́n lára oníjó ojú tẹlifíṣọ̀n kí ẹ lè rí àṣìṣe yín. Àmọ́ Microsoft dáwọ́ ṣíṣe Kinect dúró ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ nínú géèmù ijó ilé tó kù sì padà sí ọwọ́, yálà rìmóòtù tàbí fóònù tí a dì mú. Èyí tó dára jù lójú mi ni wọ́n pa tì yẹn, inú mi kò sì tíì dùn sí i títí di òní.

* * *

Èsì kẹta, fún ẹni tó jókòó

Lẹ́yìn tí mo kọ èyí tó wà lókè, ẹnì kan fèsì báyìí: "Mo jókòó sórí àga, mo ń mi ọwọ́, mo sì gba ìràwọ̀ márùn-ún. Nígbà tó jẹ́ pé máàkì kan náà ni, kí ni mo fẹ́ máa fi ara mi wọ́lẹ̀ sí?"

Bí ó bá jẹ́ pé máàkì ni ẹ rà á fún, ẹ kò jẹ̀bi rárá. Ẹni tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ kò béèrè fún máàkì, èrè ara ló béèrè, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ohun kan náà. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn agbára tí iṣẹ́ kan ń jẹ nípa fífi í wé ìjókòó jẹ́jẹ́, tó ń jẹ nǹkan bíi kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀n ara láàárín wákàtí kan. Iṣẹ́ tó bá tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, tí kò sì tó ìlọ́po mẹ́fà, ni wọ́n ń pè ní èyí tó mọ níwọ̀n. Láti ìlọ́po mẹ́fà sókè ni èyí tó le. Ká ní ẹnì kan wọn kílò 70, tó sì fi ẹsẹ̀, ìbàdí àti apá jó fún ìdajì wákàtí títí iṣẹ́ náà fi tó ìlọ́po márùn-ún: kálórì 175 ni. Ká ní ẹni kan náà jókòó tó ń mi ọwọ́, tí iṣẹ́ náà kò sì ju ìlọ́po méjì lọ: kálórì 70 péré ni. Ìràwọ̀ márùn-ún lè wà fún àwọn méjèèjì, kí géèmù kan náà sì kí wọn kú oríire.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí n má ka nọ́ńbà kálórì tí géèmù máa ń kọ sójú tẹlifíṣọ̀n sí ohun tó dájú. Ẹ̀rọ tí kò rí ẹsẹ̀ yín, tí kò gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù, ìfojúdá ló ń ṣe. Ẹ lè lò ó láti fi òní wé àná, bí ó bá jẹ́ pé bákan náà ni ẹ ṣe ń jó; ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí rẹ̀ bu oúnjẹ kún oúnjẹ yóò rí i pé ìwọ̀n ara òun kò dínkù.

Èémí yín ni kí ẹ fi ṣe adájọ́. Bí ẹ bá ń jó tí ẹ lè bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọ orin tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ ti wà ní ìwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni ẹ lè sọ kí ẹ tó tún mí, iṣẹ́ náà ti le. Bí ẹ bá sì ń bá orin náà kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí hẹlẹhẹlẹ, ẹ yan orin mìíràn tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹsẹ̀ yín.

* * *

Èsì kẹrin: orúnkún, ilẹ̀ àti àyè

Àríyànjiyàn lórí orúnkún ti gùn jù níbí, àwọn kan sì ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé géèmù ló ń ba orúnkún jẹ́. Lójú tèmi, ilẹ̀ àti ohun tí a wọ̀ sẹ́sẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wàhálà náà sílẹ̀. Lórí kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín máa ń di ilẹ̀ mú nígbà tí ara bá ń yí, orúnkún ni yóò sì gba ìyókù yíyí náà. Lórí táìlì, ìbọ̀sẹ̀ ni ọ̀tá, nítorí pé ẹsẹ̀ á yọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tó fúyẹ́, ló bá ijó yíyí mu jù. Ẹní ijó onírọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ní ìyọnu tirẹ̀: ó máa ń sún díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ẹ ti kúrò níwájú tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi. Láti ìgbà náà ni ó ti jókòó.

Ẹ má fi orin tó yá jù bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Orin méjì tó rọra ń lọ lákọ̀ọ́kọ́ yóò jẹ́ kí iṣan gbóná. Ibi tí oníjó bá ti ń fò, ẹ lè máa gbé ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì láìfò. Nínú géèmù tó jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń wò, máàkì yín kò ní í dínkù nítorí èyí, orúnkún yín yóò sì sinmi.

Ní ti àyè, ẹni tó bá rí Kinect àlòkù rà kí ó mọ̀ pé ó ń fẹ́ kí ènìyàn kan jìnnà sí i tó nǹkan bíi mítà 1.8, kí ènìyàn méjì sì jìnnà tó mítà 2.4, oòrùn tó bá sì ń wọlé láti ojú fèrèsé máa ń dí i lójú. Rìmóòtù kò béèrè tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn tí Wii jáde, rìmóòtù ń já kúrò lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ó ń fò lu tẹlifíṣọ̀n, títí Nintendo fi ní kí àwọn èèyàn wá pààrọ̀ okùn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní oṣù kejìlá ọdún 2006. Fóònù tó wà lọ́wọ́ tó ń làágùn burú ju rìmóòtù lọ, nítorí pé kò ní okùn kankan.

Ohun kékeré kan tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú: bí dígí ni oníjó ojú tẹlifíṣọ̀n nínú Just Dance ṣe ń jó. Ọwọ́ tó bá wà ní apá ọ̀tún yín lójú tẹlifíṣọ̀n ni kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yín tẹ̀ lé, ẹ má ṣe yí i padà lọ́kàn.

* * *

Èsì karùn-ún, ní kúkúrú

Fún ẹni tó ní àwọn tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé òun ń kan àjà: ẹ fi tìmùtìmù rọ́bà sábẹ́ ẹní, ẹ yan orin tí kò ní fífò, ẹ má sì ṣe é lálẹ́. Dance Dance Revolution kò yẹ fún òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rárá, ohun yòówù tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Fún ẹni tó ní géèmù ń pa ijó gidi, pé kò jẹ́ kí ènìyàn dá ẹsẹ̀ tirẹ̀: òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí kò fẹ́ di oníjó. Ó fẹ́ làágùn.

* * *

Èsì kẹfà: rírà, àti fídíò ọ̀fẹ́

Ọ̀pọ̀ yín ń béèrè ìdí tí ènìyàn yóò fi náwó sí géèmù nígbà tí fídíò ijó kún orí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn kan tilẹ̀ ti gbé ijó inú géèmù náà gan-an síbẹ̀. Mo gbà pé kí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ géèmù kankan kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá lè tẹ̀ lé fídíò fún oṣù kan láìsí máàkì kankan tó ń fà yín, ẹ kò nílò géèmù. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ń dúró lágbede méjì orin láti wo fóònù, ẹ wà lára àwọn tí máàkì ń ràn lọ́wọ́, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó rà, ẹ wádìí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti èyí tí ẹ ó tún máa sanwó fún. Láti ẹ̀dà ọdún 2023 ni Just Dance ti di ohun tó ń gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Iye orin kan bá géèmù wá, àmọ́ ìyókù wà lábẹ́ Just Dance+, tó ń gba owó àsansílẹ̀. Bí owó bá tán, orin náà á tì. Ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lórí díìsìkì kò ní ìṣòro yìí: orin tó wà lórí rẹ̀ ti di tiyín. Ubisoft ṣì ń ṣe Just Dance fún Wii títí di ẹ̀dà ọdún 2020, nítorí náà Wii àtijọ́ tí ẹnì kan gbé jù sínú àpótí ṣì lè wúlò. Fún ẹni tó fẹ́ràn ọfà àti ẹní ijó, ọ̀fẹ́ ni StepMania, géèmù ọfà bíi Dance Dance Revolution, lórí kọ̀ǹpútà, ẹní nìkan ni yóò rà.

Bí ẹ bá ní kí n yan fún arábìnrin tó béèrè, màá ní kí ó ra Just Dance àtijọ́ kan lórí díìsìkì fún ẹ̀rọ yòówù tó bá wà nílé, kí ó sì yan èyí tó ní ọ̀nà Just Sweat, tó bẹ̀rẹ̀ láti orí Just Dance 2 ní ọdún 2010. Just Sweat máa ń ro máàkì òógùn yín pọ̀ láti orin kan sí òmíràn, kò sì fi gbogbo ọkàn sí ìràwọ̀.

* * *

Èsì keje: ohun tí géèmù kò lè ṣe

Nígbà tí ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà kéde ní ọdún 2006 pé àwọn yóò gbé Dance Dance Revolution wọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba wọn, tí iye wọn jẹ́ 765, ọ̀pọ̀ rò pé àwàdà ni. Èrò wọn mọ́gbọ́n dání: ọmọ tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, tí wọn kì í yàn sínú ẹgbẹ́ kankan, lè fẹ́ràn ọfà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ní olùkọ́ tó ń pe ọmọ síbẹ̀. Nínú ilé, kò sí ẹni tó ń pè yín. Ohun tí mo rí lára àwọn tó yí mi ká ni pé ìfẹ́ àkọ́kọ́ máa ń gbóná, lẹ́yìn náà àwọn orin á sú wọn, rìmóòtù á sì di ohun tí ekuru bò. Àwọn tó bá a débi kan ni àwọn tó ní àkókò kan pàtó láàárín ọjọ́, tí wọ́n sì ń bá ẹlòmíràn jó, ì báà jẹ́ ọmọ wọn.

Ohun mìíràn tó ń jẹ àkókò ni wíwá orin. Ẹni tó bá jó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó sì lo ìṣẹ́jú méjì láti yan èyí tó kàn yóò rò pé òun ti jó fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ti tutù láàárín. Ẹ to orin márùn-ún tàbí mẹ́fà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ọjọ́ méjì fún iṣan tí mo mẹ́nu bà nínú èsì àkọ́kọ́. Ijó dára fún ọkàn àti èémí, ó sì ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò fún ẹ̀yìn, àyà àti apá ní iṣẹ́ tó wúwo. Lílóṣòó àti dídìde, fífi ọwọ́ ti ara sókè láti ilẹ̀, tàbí gbígbé ohun tó wúwo díẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ kò jó, ni yóò dí àlàfo yẹn.

* * *

Èsì kẹjọ, fún ẹni tó béèrè nípa ìyá rẹ̀

Ìbéèrè tó wọlé gbẹ̀yìn ni ti ẹni tí ìyá rẹ̀ ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí orúnkún sì ń dun. Ó ní ṣé kí òun máa jẹ́ kí màmá bá àwọn ọmọ jó.

Níbí ni ohun tí mo bá wí nínú èsì kẹta ti wúlò. Géèmù tó jẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń wò kì í fi ìyà jẹ ẹni tí kò lè dúró. Màmá lè jókòó sórí àga tí kò ní táyà, tí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ dáadáa, kí ó máa gbé apá bí oníjó ṣe ń gbé e, kí ó sì máa gba ìràwọ̀ tirẹ̀ láàárín àwọn ọmọ. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí kì í ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, apá mímì lórí ìjókòó sàn ju kí ó wà lásán. Bí ó bá ti mọ́ ọn lára, kí ó máa fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀ lẹ́yìn èkejì lórí ìjókòó náà.

Kí ẹ kọ́kọ́ bá dókítà tó ń fún un ní oògùn sọ̀rọ̀, kí ó sì dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí àyà bá dùn ún tàbí bí òòyì bá kọ́ ọ. Ẹ má sì fi iye ìgbà tí ọkàn ń lù tí aago ọwọ́ ń kọ sílẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún un, nítorí pé àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára lù bó ti wù kí iṣẹ́ le tó. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bó ti ń jó. Bí ó bá lè dá yín lóhùn ní gbólóhùn tó pé, ẹ jẹ́ kí ó máa bá a lọ.